Àkókò Iná Nínú Ẹ́ńjìnnì: Bí A Ṣe Ń Yan Disitíríbútọ̀ Ọkọ̀ Ìjàpá Àtijọ́ àti Bí A Ṣe Ń Tò Ó

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni ẹ̀kọ́ wa ti oṣù mẹ́ta yìí dá lé lórí.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan béèrè pé kí ló kan olùbẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó kàn wá gan-an ni. Bí a bá ṣí ìwé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́, a ó rí owó oko, owó ilé-ìwé ọmọ, owó ọjà, a ó sì tún rí owó àtúnṣe ọkọ̀ níbẹ̀. Owó yìí kì í ṣe ti ẹni tí ó yá a nìkan. Owó tí gbogbo wa dá jọ ni, àwọn onídùúró sì ti fi orúkọ ara wọn sí i. Bí a bá ná an sí ibi tí àrùn kò sí, ọmọ ẹgbẹ́ á jẹ gbèsè, ọkọ̀ rẹ̀ kò sì ní dára. Ìdí nìyí tí àwọn ará Rochdale tí wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1844 fi fi ọwọ́ pàtàkì mú ẹ̀kọ́. Nínú àwọn ìlànà méje tí àjọ alájẹṣẹ́kù àgbáyé fọwọ́ sí ní Manchester ní 1995, ẹ̀kọ́ ni ó wà ní ipò karùn-ún. Àgbà bọ̀, wọ́n ní àìmọ̀kan ni í mú ni í kú sí ẹ̀gbẹ́ oògùn.

1. ỌKỌ̀ TÍ À Ń SỌ

Ọkọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá ni a fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ yìí. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ yìí ní Èkó, ní ọ̀nà Badagry. Ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ tirẹ̀ ní Kàdúná. Ẹ rántí pé ìgbà náà ni owó Udoji dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn tíṣà, tí ọ̀pọ̀ sì fi ra ọkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Títí di òní, Ìjàpá wà nínú agbo ilé mélòó kan lọ́dọ̀ wa. Òmíràn ti di ilé adìẹ. Òmíràn ṣì ń gbé ẹyin, obì àti àpò gaàrí lọ sí ọjà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun kò ṣe Ìjàpá mọ́. Oṣù keje ọdún 2003 ni èyí tí ó kẹ́yìn jáde ní ìlú Puebla ní orílẹ̀-èdè Mexico, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù 21 kárí ayé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lọ wá ohun èlò rẹ̀ ní Ládípọ̀ ní Èkó tàbí níbikíbi, ọ̀kan nínú mẹ́ta ni yóò bá: èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àtijọ́, tókunbọ̀, tàbí àfarawé tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wọlé sára ẹ́ńjìnnì. Wíwọlé yàtọ̀ sí bíbáramu. Fìlà lè wọ orí kó má yẹ ẹni.

2. IṢẸ́ TÍ DISITÍRÍBÚTỌ̀ Ń ṢE

Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ní sílíńdà mẹ́rin. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, písítìnì ń fún afẹ́fẹ́ àti bẹntiróòlù pọ̀, púlọ́ọ̀gì ń ṣáná sí i, iná náà sì ń ti písítìnì padà. Agbára títì yìí ni ó ń yí táyà. Iná bátìrì kò ju volt 12 lọ, kò sì lè fò kọjá ẹnu púlọ́ọ̀gì. Kọ́ìlì ni ó ń sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni disitíríbútọ̀ ń ṣe. Èkíní, kọ́ńtáàtì inú rẹ̀ ń pa dé, ó ń ṣí. Ìgbà tí ó bá ṣí gan-an ni kọ́ìlì ń ta iná jáde. Èkejì, rótọ̀ tí ó wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀ ń pín iná náà fún púlọ́ọ̀gì tí ó kàn. Ẹ̀kẹta, ó ń sún àkókò iná síwájú bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré sí àti bí ẹrù rẹ̀ bá ti wúwo sí.

Ẹ wo ènìyàn mẹ́rin tí wọ́n yí odó kan ká, tí wọ́n ń gún iyán. Ẹni kìíní sọ ọmọ odó kalẹ̀, ẹni kẹrin tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹni kẹta, lẹ́yìn náà ẹni kejì. Bí iná Ìjàpá ṣe ń lọ nìyí: 1, 4, 3, 2. Bí ẹnì kan bá yára jù, ọmọ odó á kọlu ọmọ odó. Bí ó bá pẹ́ jù, iyán á ní kókó. Àwọn mẹ́rin lè lágbára bí erin. Bí wọn kò bá mọ àkókò, iyán kò ní í kúnná.

Iṣẹ́ kẹta ni ó le jù láti lóye. Iná kì í jó tán lójú ẹsẹ̀. Ó ń gba àkókò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkókò náà kéré ju ìṣẹ́jú-àáyá lọ fíìfíì. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ ṣáná díẹ̀ kí písítìnì tó dé òkè téńté. Bí ẹ́ńjìnnì bá dúró jẹ́ẹ́, tí ó ń yí ìgbà 900 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ni ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìṣíwájú kékeré ti tó. Bí ó bá ń yí ìgbà 3,000, ìyẹn ni ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá, a gbọ́dọ̀ ṣáná ṣáájú dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, písítìnì á ti kọjá kí iná tó gbilẹ̀. Àwọn ọdẹ wa mọ èyí. Ẹni tí ó ń yìnbọn sí ẹtu tí ó ń sáré kì í yìn ín síbi tí ẹtu wà. Ibi tí ẹtu ń lọ ni. Bí ẹtu bá ti ń yára sí, bẹ́ẹ̀ ni ọdẹ á ti fi ojú ìbọn ṣáájú sí.

Dígírì ni a fi ń wọn ìṣíwájú yìí lára púlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí púlì bá yí po lẹ́ẹ̀kan, dígírì 360 ni.

3. ORÍṢI MẸ́TA TÍ Ó WÀ LỌ́JÀ

Oríṣi kìíní ni èyí tí ó ní agolo afẹ́fẹ́ nìkan. Agolo pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sì so ó mọ́ kábúrétọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fa afẹ́fẹ́, agolo náà á fa àwo kọ́ńtáàtì, iná á sì sún síwájú. Irú èyí ni ó wà lára ọ̀pọ̀ Ìjàpá tí wọ́n ṣe láàrin 1961 sí 1970. Òun àti kábúrétọ̀ rẹ̀ dà bí ìbejì: wọ́n ṣe wọ́n fún ara wọn. Bí a bá pààrọ̀ kábúrétọ̀ sí irú mìíràn, fífà afẹ́fẹ́ rẹ̀ á yàtọ̀, àkókò iná á sì dàrú.

Oríṣi kejì ní agolo afẹ́fẹ́, ó sì tún ní irin wíwúwo méjì tí sípíríǹgì dì mú nínú ikùn rẹ̀. Bí ọ̀pá àárín bá ti ń sáré, àwọn irin náà ń fẹ̀ síta, wọ́n ń ti àkókò síwájú. Agolo ń mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó. Irin ń mọ bí eré ṣe pọ̀ tó. Irú èyí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀ lára àwọn ẹ́ńjìnnì 1600 láti 1971.

Oríṣi kẹta ní irin wíwúwo nìkan, kò ní agolo. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti Bosch tí àwọn oníṣòwò ń pè ní 009, nítorí pé nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀, 0 231 178 009, fi bẹ́ẹ̀ parí. Ó rọrùn, kò ní rọ́bà tí yóò ya. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń tà á fún gbogbo Ìjàpá láìbéèrè ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí. Bí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo, ẹrù ti dé sórí ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n eré kò tíì dé. 009 kò mọ ẹrù, eré nìkan ni ó mọ̀. Nítorí náà iná pẹ́, ọkọ̀ á sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, kí ó tó ṣí lọ. Èyí máa ń burú sí i bí a bá so ó pọ̀ mọ́ kábúrétọ̀ Solex 34 PICT-3, nítorí pé wọ́n ṣe kábúrétọ̀ yẹn fún disitíríbútọ̀ tí ó ní agolo. Ní ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, awakọ̀ lè fara dà á. Ní ibi tí òkè bá wà, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ìyà ni.

A kò sọ pé 009 kò dára. Bí kábúrétọ̀ bá bá a mu, tí a sì tò ó ní eré gíga gẹ́gẹ́ bí a ó ti sọ nísàlẹ̀, yóò ṣiṣẹ́. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ mọ ohun tí ó ń rà. Fún ọkọ̀ ọjà tí ó ń dúró, tí ó ń lọ, tí ó ń gun òkè, oríṣi kejì ni a gbà pé ó dára jù fún ẹ́ńjìnnì 1600. Bí èyí tí ó bá ọkọ̀ wá bá ṣì ṣe é tún ṣe, kí a tún un ṣe kí a tó ra òmíràn.

4. ÀYẸ̀WÒ KÍ A TÓ SANWÓ

Kò gba irinṣẹ́ kankan láti ṣe àwọn àyẹ̀wò yìí lójú ẹni tí ó ń tà á.

(a) Di rótọ̀ mú, kí o gbọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún sósì. Bí ọ̀pá bá ń mì lọ́wọ́ rẹ, ihò rẹ̀ ti fẹ̀. Àlàfo kọ́ńtáàtì kò ní dúró lójú kan láéláé, bó ti wù kí rewáyà mọ iṣẹ́ tó. Má rà á.

(b) Bí ó bá ní irin wíwúwo, yí rótọ̀ sí apá ọ̀tún díẹ̀, kí o sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà fúnra rẹ̀ kíá. Bí kò bá padà, sípíríǹgì ti kú tàbí irin ti lẹ̀.

(d) Bí ó bá ní agolo, fi rọ́bà sẹ́nu rẹ̀, fa afẹ́fẹ́, kí o sì fi ahọ́n dí i. Àwo inú gbọ́dọ̀ sún, kí ó sì dúró síbẹ̀ títí o ó fi yọ ahọ́n. Bí ó bá padà fúnra rẹ̀, agolo ti lu.

(e) Wo inú ìdérí dáadáa. Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ láti ihò kan sí èkejì fi hàn pé iná ti ń jò gba ibẹ̀.

(ẹ) Ka nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni yóò sọ oríṣi tí ó jẹ́. Èyí tí kò ní nọ́ńbà, kò ní bàbá.

5. ÀPẸẸRẸ KAN LÁTI INÚ ẸGBẸ́

Ní ẹgbẹ́ kan ní agbègbè wa, tíṣà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì kọ̀wé béèrè owó láti ra ẹ́ńjìnnì tókunbọ̀. Ẹyin ni ó fi ń gbé láti ìtòsí Ẹ̀sìẹ́ lọ sí ọjà Òmù-Àrán. Ìjàpá rẹ̀ kò lè gun òkè mọ́, ó ń gbóná, ó sì ń mu epo. Mẹkáníìkì ti sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Onídùúró méjì ti fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ opó tí ó ń ta gaàrí, gbogbo ohun tí ó ti dá jọ ni ó sì fi dúró fún un.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ akápò béèrè ọ̀rọ̀ kan péré: “Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fi wọn ikú rẹ̀?” Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Wọ́n wá ní kí a mú ọkọ̀ náà lọ bá rewáyà mìíràn, kí ó fi géèjì wọn agbára fífún inú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ìpàdé tí ó kàn tó dé. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dára, wọ́n sì sún mọ́ ara wọn. Ẹ́ńjìnnì kò kú rárá. Nígbà tí ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ wò, ó rí 009 tí wọ́n fi rọ́pò ti àtijọ́, ihò rọ́bà afẹ́fẹ́ lára kábúrétọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, àkókò iná sì ti pẹ́ jù, nítorí pé etí ni wọ́n fi tò ó.

Tíṣà gba owó tí ó kéré púpọ̀ sí èyí tí ó kọ́kọ́ béèrè, ó fi ra disitíríbútọ̀ tí ó ní agolo àti irin, pẹ̀lú kọ́ńtáàtì àti kọndẹ́ńsà tuntun. Ọkọ̀ náà padà sí ọjà. Orúkọ opó náà sì kúrò lábẹ́ gbèsè tí ìbá wà lọ́rùn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìbéèrè kan ni ó ṣe gbogbo èyí.

6. BÍ A ṢE Ń TO ÀKÓKÒ INÁ

Ohun tí a nílò: gílóòbù kékeré ti volt 12 pẹ̀lú wáyà méjì, sípánà, abẹ irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo, àti ẹfun tàbí ọ̀dà funfun. Kí ọkọ̀ wà ní ibi títẹ́jú, kí bíréèkì ọwọ́ le, kí gíá wà ní ọ̀fẹ́. Ẹ ká apá aṣọ sókè. Fáànù bẹ́ẹ̀tì kò mọ agbádá. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ to àwọn fáàfù sí 0.15 mìlímítà, kí ẹ sì to ẹnu púlọ́ọ̀gì sí 0.6 tàbí 0.7. Àkókò iná kò lè gún lórí ẹ́ńjìnnì tí ìyókù rẹ̀ dàrú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí kọ́ńtáàtì yóò fi ṣí dé góńgó, kí ẹ to àlàfo rẹ̀ sí 0.4 mìlímítà. Abẹ irin ni kí ẹ lò, kì í ṣe páálí ìṣáná. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó fọwọ́ kan àkókò iná, nítorí pé bí àlàfo bá yí padà, àkókò á yí padà pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ sílíńdà kìíní. Bí ẹ bá kọjú sí iwájú ọkọ̀, òun ni ó wà ní ọ̀tún, ní apá iwájú. Èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹta wà ní òsì ní iwájú, ẹ̀kẹrin lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá àmì lára púlì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣubú níbí. Púlì kan ní àmì mẹ́ta, òmíràn méjì, òmíràn ọ̀kan ṣoṣo. Àmì kan ṣoṣo náà kò túmọ̀ sí òkè téńté. Lára púlì kan, dígírì 5 lẹ́yìn òkè téńté ni ó jẹ́. Bí ẹ kò bá dá a lójú, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kìíní, ẹ fi ọ̀pá oníke rírọ̀ kan ihò náà, kí ẹ sì máa yí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ọwọ́. Ní ibi tí ọ̀pá bá ti dẹ́kun gígòkè, ẹ fi ẹfun sàmì sí púlì ní ọ̀gangan ojú ìrán tí ìdajì méjì ara ẹ́ńjìnnì ti pàdé. Ní ibi tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ẹ tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì ni òkè téńté.

Nísinsìnyí ẹ fi okùn wọn àyíká púlì. Ká sọ pé ó jẹ́ 540 mìlímítà: ẹ pín in sí 360, dígírì kan á jẹ́ 1.5 mìlímítà. Dígírì 7.5 á jẹ́ mìlímítà 11 àti díẹ̀. Bí ẹ bá dúró lẹ́yìn ọkọ̀, púlì ń yí sí apá ọ̀tún láti òkè, nítorí náà àmì 7.5 ṣáájú òkè téńté wà ní ọ̀tún àmì òkè téńté. Ẹ fi ọ̀dà funfun kùn ún.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yí ẹ́ńjìnnì sí apá ọ̀tún títí àmì 7.5 yóò fi bá ojú ìrán náà mu. Ẹ ṣí ìdérí disitíríbútọ̀. Rótọ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ilà kékeré tí ó wà létí rẹ̀. Ilà yẹn ni ti sílíńdà kìíní. Bí ó bá kọjú sí òdìkejì, ẹ tún ẹ́ńjìnnì yí po lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ń yí ní ẹ̀ẹ̀mejì kí rótọ̀ tó yí ní ẹ̀ẹ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fa wáyà ńlá àárín ìdérí yọ, kí ẹ sì kan ẹnu rẹ̀ mọ́ irin ẹ́ńjìnnì kí iná má baà ta ènìyàn. Ẹ so wáyà gílóòbù kan mọ́ ẹnu kọ́ìlì tí ó lọ sí disitíríbútọ̀, èkejì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ disitíríbútọ̀ díẹ̀, kí ẹ sì ṣí kọ́kọ́rọ́ iná. Ẹ yí ara disitíríbútọ̀ sí ọ̀tún títí gílóòbù yóò fi kú. Lẹ́yìn náà ẹ rọra yí i padà sí òsì. Ojú ẹsẹ̀ tí gílóòbù bá tàn, ẹ dúró, kí ẹ dì í. Ibẹ̀ ni kọ́ńtáàtì ṣí. Ẹ má jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà ní ṣíṣí pẹ́, kọ́ìlì á gbóná.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì po lẹ́ẹ̀mejì. Gílóòbù gbọ́dọ̀ tàn gẹ́ẹ́ nígbà tí àmì bá dé ojú ìrán.

Dígírì 7.5 yìí bá 009 mu, ó sì bá ọ̀pọ̀ disitíríbútọ̀ alágolo kan mu. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí agolo wọn ní ihò rọ́bà méjì. Dígírì 5 lẹ́yìn òkè téńté ni a ń to irú wọn sí, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí ó ń ṣiṣẹ́ àti rọ́bà méjèèjì ní ipò wọn. Ohun tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹni tí ó bá ní iná tí ń ṣẹ́jú, èyí tí àwọn rewáyà fi ń wo àmì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré, kí ó ṣe àyẹ̀wò ìkẹyìn. Ní ìgbà 3,000 sí 3,500 ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú rọ́bà afẹ́fẹ́ ní yíyọ kí a sì dí ẹnu rẹ̀, 009 àti oríṣi kejì kò gbọ́dọ̀ ju dígírì 28 sí 32 lọ ṣáájú òkè téńté. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fà á sẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 7.5 yóò yẹ̀ díẹ̀. Ibi eré gíga ni písítìnì ti ń jó.

Bí ẹ bá rí i pé sílíńdà kẹta pẹ́ díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ lára disitíríbútọ̀ àtijọ́ kan, ẹ má tún un ṣe. Ilé-iṣẹ́ ni ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ń tu sílíńdà yẹn lára ti kọ́kọ́ gba ara ohun tí ń tu òróró ẹ́ńjìnnì lára kọjá, ó sì ti gbóná. Sílíńdà kìíní ni kí ẹ fi to àkókò.

Ẹni tí ó ní Peugeot 504 kò gbọ́dọ̀ gbé àwọn nọ́ńbà yìí lọ sí ara tirẹ̀. Iná tirẹ̀ ń lọ ní 1, 3, 4, 2, ẹ̀gbẹ́ gíá ni a sì ti ń ka sílíńdà rẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni. Nọ́ńbà ni ó yàtọ̀.

7. OHUN TÍ ÀÌBÁRAMU Ń NÁ WA

Bí iná bá yá jù, ẹ́ńjìnnì á máa dún kọ́kọ́kọ́ bí ẹni ń fọ́ ekùrọ́ nígbà tí ó bá ń gun òkè. Ìjàpá kò ní omi tí yóò tù ú. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ní. Písítìnì lè yọ́ kí awakọ̀ tó mọ̀. Bí iná bá pẹ́ jù, ọkọ̀ á di ọ̀lẹ, èéfín á gbóná, epo á sì tán.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ kan ń rin kìlómítà 10 lórí lítà kan nígbà tí iná rẹ̀ gún, tí ó sì di kìlómítà 8 nígbà tí iná dàrú. Fún ìrìn kìlómítà 80, lítà 8 di lítà 10. Bí ó bá ń lọ ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀, lítà 10 ni ó ṣòfò. Nínú ọ̀sẹ̀ 50, lítà 500 ni. Kí olúkúlùkù fi iye tí ó ra lítà kan lánàá ṣe ìsodipúpọ̀. Ṣáájú oṣù karùn-ún ọdún 2023, a lè gbójú fò ó. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo, owó ẹ̀dáwó ọdún kan ni ó ń bá èéfín lọ yẹn.

8. OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

A gba ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ní ìmọ̀ràn mẹ́rin. Àkọ́kọ́, kí a má ṣe yá ẹnikẹ́ni lówó ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ pé a ti wọn agbára fífún sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a sì kọ èsì rẹ̀ mọ́ ìwé ìbéèrè. Ìkejì, kí a ti yẹ àkókò iná wò ṣáájú. Ìkẹta, kí rìsíìtì ohun èlò tí a rà ní nọ́ńbà rẹ̀ lára, kì í ṣe “disitíríbútọ̀ kan” lásán. Ìkẹrin, bí àwọn ọlọ́kọ̀ bá pọ̀ nínú ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ ra géèjì ìwọn-agbára àti iná tí ń ṣẹ́jú kan fún ìlò gbogbo wọn, kí a kọ wọ́n sínú ìwé ohun-ìní, kí ẹni tí ó bá yá wọn fọwọ́ sí i. Ohun tí ọwọ́ ẹnì kan kò ká, ọwọ́ gbogbo wa á ká a.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn mẹkáníìkì àti rewáyà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́: a kò fi ẹ̀kọ́ yìí bù yín kù. Oníbàárà tí ó bá mọ ohun tí ẹ ń ṣe kì í jiyàn owó iṣẹ́ yín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Kí ló dé tí a fi ń to àlàfo kọ́ńtáàtì kí a tó to àkókò iná?
2. Kí ni 009 kò mọ̀ tí disitíríbútọ̀ alágolo mọ̀?
3. Bí àyíká púlì bá jẹ́ 504 mìlímítà, mìlímítà mélòó ni dígírì 7.5 yóò jẹ́? (Ìdáhùn: 10.5.)
4. Nínú ìwé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ yín, èló ni ó lọ sí àtúnṣe ọkọ̀ ní ọdún tí ó kọjá? Mélòó nínú rẹ̀ ni ó ní ẹ̀rí pé a wọn àrùn kí a tó ra oògùn?

Kí akọ̀wé ka ẹ̀kọ́ yìí sókè ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí ẹni tí ó ní Ìjàpá gbé e wá sí ìta gbọ̀ngàn, kí a jọ ṣe é. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ owó wa àti ọ̀nà wa. Ire o.